ÌJÀ AJÁ, ÀTI BÍ A ṢE LÈ LÀ Á LÁÌSÍ EWU

Ajá wúlò fún ọmọ ènìyàn púpọ̀púpọ̀. Òun ni í ṣọ́ ilé wa ní òru. Òun ni í bá ọdẹ wọ inú igbó. Òun ni í sì lé ọ̀yà àti ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò ní oko wa. Síbẹ̀, kò sí abúlé kan, kò sì sí ìgboro kan, tí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ariwo ajá méjì tí ó gbá ara wọn mú ní ojú ọ̀nà. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọdé a sáré wá wòran, àwọn kan a máa sọ òkúta, àwọn mìíràn a mú igi. Ẹni tí ó ni ọ̀kan nínú àwọn ajá náà a sì na ọwọ́ rẹ̀ sí àárin ẹnu méjèèjì láti fa tirẹ̀ jáde. Ẹni yìí gan-an ni ehín sábà máa ń bà. Yóò ní, "Kò ṣe nǹkan kan, ajá mi ni." Yóò fi epo pa ojú ibẹ̀, yóò sì gbàgbé rẹ̀.

Àwa fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé ìjà ajá méjì kì í sábà parí láàrin ajá méjì. Ó lè ba ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ là wọ́n jẹ́. Ó lè sọ aládùúgbò méjì tí wọ́n ti ń jẹun pọ̀ di ọ̀tá ara wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ehín ajá ni ọ̀nà tí àrùn dìgbòlugi ń gbà láti agbo ilé kan dé òmíràn, àti láti ara ajá dé ara ènìyàn. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí ń fa ìjà, kí a mọ bí a ṣe lè dènà rẹ̀, kí a sì mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ó bá bẹ́ sílẹ̀.

OHUN TÍ Ń FA ÌJÀ

Ajá kì í déédéé jà. Bí a bá fara balẹ̀ wádìí, a ó rí i pé ìdí kan wà, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà ọwọ́ àwa ènìyàn ni ìdí náà ti wá.

Èkíní ni oúnjẹ. Ní ilé púpọ̀, a máa ń da àjẹkù sílẹ̀ ní ojú kan fún ajá méjì tàbí mẹ́ta. Ajá tí ebi ń pa kò mọ ìyekan. Èyí tí ó lágbára a fẹ́ dá jẹ gbogbo rẹ̀; èyí tí kò lágbára a sì jà kí ebi má bàa pa á kú. Egungun àti ìfun tí a ń sọ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ìsọ̀ alápatà ń fa irú ìjà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ni ẹran tí àwọn ajá ọdẹ bá pa nínú igbó kí ọdẹ fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Èkejì ni abo ajá tí ń wá akọ. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, àkókò náà a sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ a lọ jìnnà. Àwọn akọ ajá a ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn a péjọ sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ṣoṣo, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn ya.

Ẹ̀kẹta ni abo ajá tí ó ní ọmọ lọ́wọ́. Kò sí bí ó ti jẹ́ oníwà tútù tó tẹ́lẹ̀, kì yóò jẹ́ kí ajá àjèjì sún mọ́ ibi tí ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí.

Ẹ̀kẹrin ni ààlà ilé. Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ajá kì í rorò kí ó ṣọ́ ojúlé méjì. Òtítọ́ ni. Ojúlé kan ṣoṣo náà ni ajá gbà pé ó jẹ́ tirẹ̀, ajá mìíràn tí ó bá sì tẹ ibẹ̀ ti di ọ̀tá lójú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni okùn. Ajá tí ó wà lómìnira lè yà kúrò lọ́nà nígbà tí ó bá rí alágbára tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a so mọ́ igi kò lè sá. Nígbà tí kò sì lè sá, ìjà ni ó kù fún un. Nítorí èyí ni ajá tí a so tọ̀sán-tòru fi sábà máa ń kanra ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀kẹfà ni ìrora. Ajá tí etí ń dùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí tí ogbó ti dé sí, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fara kàn án. Bí ajá tí ó jẹ́ onísùúrù rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kanra lójijì, kí a yẹ ara rẹ̀ wò kí a tó nà án.

Èkeje ni ìbínú tí kò rí ibi tí ó fẹ́ lọ. Ajá méjì lè jọ máa gbó àlejò kan láti inú ọgbà. Nígbà tí ọwọ́ wọn kò tó àlejò náà, wọn a kọjú sí ara wọn. Ó dàbí ọkùnrin tí ọ̀gá rẹ̀ bá wí níbi iṣẹ́, tí ó sì wá ń jágbe mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà tí ó dé.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ń fi ajá jà fún ìran wíwò. Ìwà ìkà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti fi òpin sí i láti ọdún 1835; ní ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn ka mímú ẹranko jà sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn ọmọ yín tí ń ti ajá sí ara wọn nídìí eré, ẹ bá wọn wí.

ÀMÌ TÍ Ń ṢÁÁJÚ ÌJÀ

Kí ajá tó jà, ó ti fi ara sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ a le gan-an bí igi. Ìrìn rẹ̀ a di jẹ́jẹ́. Irun ọrùn àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ a dìde. Ìrù rẹ̀ a nà sókè. Yóò ranjú mọ́ ẹnìkejì láìṣẹ́jú. Yóò ká ètè sókè, yóò sì máa kùn. Àwọn ènìyàn rò pé gbogbo ajá tí ó bá ń ju ìrù ni inú rẹ̀ dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrù tí ó nà gbọnrangandan, tí orí rẹ̀ nìkan sì ń gbọ̀n, ìjà ni ó ń kéde. Ajá tí ẹ̀rù bá ń bà a máa yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, a máa lá ètè rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ, a sì ki ìrù bọ àárin itan.

Eré kò dàbí ìjà. Nínú eré, ara ajá rọ̀; yóò tẹ apá iwájú balẹ̀, yóò gbé ìdí sókè; bí ọ̀kan bá lé èkejì títí, èkejì náà yóò padà lé òun; èyí tí ó wà lókè yóò sì gbà kí á da òun dé ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni a ń dá dé ilẹ̀ nígbà gbogbo, tí ó sì ń wá ọ̀nà láti sá, eré ti fẹ́ parí. Ẹ pè wọ́n sọ́tọ̀.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Kí olúkúlùkù ajá ní àwo tirẹ̀, kí a sì gbé àwọn àwo náà jìnnà sí ara wọn, pàápàá kí ògiri wà láàrin wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí a kó àwo kúrò nílẹ̀. Kí a má ṣe sọ egungun kan sí àárin ajá méjì.

Nígbà tí abo ajá bá ń wá akọ, kí a tì í mọ́lé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà yóò fi pé. Bí a kò bá fẹ́ kí ajá bímọ, kí a mú akọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Abo pẹ̀lú, iṣẹ́ abẹ wà tí a lè ṣe fún un. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá kì í sábà rìn kiri tẹ̀lé abo, nípa bẹ́ẹ̀ ìjà rẹ̀ lójú ọ̀nà a dínkù. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀bẹ ilé dán an wò.

Kí a jẹ́ kí ọmọ ajá mọ àwọn ajá mìíràn àti ènìyàn ní kékeré. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù láti kọ́ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ gbé. Ọmọ ajá tí a yà kúrò lára ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kì í mọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó fi ehín di ẹgbẹ́ rẹ̀ mú nínú eré. Nígbà tí a bá sì fẹ́ mú ajá tuntun wọlé, kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé ní ìta, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kan nínú wọn, pẹ̀lú okùn tí kò le lọ́wọ́ ènìyàn méjì, kí wọ́n sì jọ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ná.

Ẹ kíyè sí i pé ajá tí ó ti jọ́wọ́ ara rẹ̀ fún àgbà nílé láti kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá a du ipò nígbà tí ó bá wà láàrin ọdún kan sí mẹ́ta. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ akọ, tàbí tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ abo, ó yẹ kí a túbọ̀ ṣọ́ wọn ní àkókò náà.

BÍ ÌJÀ BÁ BẸ́ SÍLẸ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ohun kejì ni kí a má ṣe na ọwọ́ sí ọrùn, sí orí, tàbí sí etí ajá. Ajá tí ń jà kò mọ ọwọ́ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tá rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá kan ẹnu rẹ̀ ni yóò bù jẹ. Àwọn tí ń ka Ìwé Òwe yóò rántí pé ní orí 26 a fi dídi etí ajá mú ṣe àpẹẹrẹ ìwà àìgbọ́n. Bí ó ti jẹ́ òtítọ́ ní ti ìjà ènìyàn ni ó jẹ́ òtítọ́ ní ti ìjà ajá.

Kí a má sì lù wọ́n. Ajá tí a fi igi lù nínú ìjà yóò rò pé ẹni tí ń bá òun jà ni ó fa ìrora náà, yóò sì túbọ̀ di ehín rẹ̀ mú. Igbe kíké àwa ènìyàn a máa mú kí ara wọn gbóná sí i.

Ọ̀pọ̀ ìjà jẹ́ ariwo ju ọgbẹ́ lọ, a sì parí láàrin ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá parí, ẹ tẹ̀lé ọ̀nà wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ.

Ní àkọ́kọ́, ẹ lu páànù tàbí ìdérí ìkòkò lójijì, kí ẹ sì pe ajá yín ní orúkọ pẹ̀lú ohùn ìdùnnú, bí ẹni pé ẹ fẹ́ fún un ní oúnjẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ da korobá omi kún àwọn méjèèjì lójú àti nímú. Omi ni ó dára jù nínú gbogbo oògùn ìjà ajá, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ti pákó, páànù, ẹní tàbí apẹ̀rẹ̀ ńlá bọ àárin wọn láti ẹ̀gbẹ́, kí wọn má bàa rí ara wọn mọ́. Tàbí kí ẹ ju aṣọ ìbora tí ó nípọn bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, tí àgbàlagbà méjì bá sì wà níbẹ̀, kí olúkúlùkù di ajá kan mú láti ẹ̀yìn, ní itan méjèèjì lókè, kí ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà sókè bí ẹni tí ó di ọwọ́ ọmọlanke mú, kí àwọn méjèèjì sì jọ fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n bá ti yà, kí ẹ má dúró. Ẹ máa yí po bí ẹ ti ń fà sẹ́yìn, kí ajá náà lè máa fi ẹsẹ̀ iwájú wá ìdúró, kí ó má bàa yí padà bù yín jẹ. Kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀kùn tàbí ògiri yóò fi wà láàrin wọn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà, kí ó ta okùn yí ìbàdí ajá kan ká níwájú itan ẹ̀yìn, kí ó so ó mọ́ igi, kí ó tó lọ fa èkejì ní ọ̀nà kan náà. Ọ̀nà ìkẹyìn ni èyí, fún ajá tí a mọ̀ nìkan. Bí àwọn ajá náà bá jẹ́ àjèjì, omi àti ariwo láti ọ̀nà jíjìn ti tó.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá a máa tì pa bí àgádágodo nígbà tí ó bá di nǹkan mú. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ajá náà ni kò fẹ́ yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣì di ẹran ara mú, kí a má ṣe fà á pẹ̀lú agbára, nítorí ọgbẹ́ kékeré ni a ó fi ọwọ́ ara wa sọ di ńlá. Ẹ da omi sí i, kí ẹ sì dúró dè é kí ó là ẹnu.

LẸ́YÌN ÌJÀ

Kí a pa àwọn ajá náà mọ́ sọ́tọ̀, níbi tí wọn kò ti ní rí ara wọn. Kí a má ṣe mú wọn pàdé ní ọjọ́ kan náà láti wò bí inú wọn ti rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí a tún mú wọn rìn pọ̀ nínú okùn, ní jíjìnnà sí ara wọn ná.

Kí a yẹ gbogbo ara ajá wò lábẹ́ irun. Ihò tí ehín dá a máa kéré lóde, ṣùgbọ́n ó lè ti ya ẹran nínú, lẹ́yìn ọjọ́ méjì a kún fún ọyún. Ajá tí ara ń ro lè bu olówó rẹ̀ jẹ; nítorí náà kí a rọra fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í lẹ́nu, bí kò bá ṣòro fún un láti mí. Kí a fi omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, tí a fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí ìdajì lítà rẹ̀, fọ ojú ọgbẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà ní ikùn, ní àyà tàbí ní ọrùn, tàbí bí èrìgì ajá bá funfun, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kíákíá. Kí a má fún un ní oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò, nítorí òmíràn nínú wọn a máa pa ajá.

BÍ EHÍN BÁ BA ÈNÌYÀN

Níhìn-ín ni a bẹ̀ yín kí ẹ fi ara balẹ̀ kà. Ajá tí ń bá gbogbo ẹni tí ó bá rí jà láìnídìí, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ó ń gé igi àti òkúta jẹ, tí ó sì ń rìn kiri láìmọ ibi tí ó ń lọ, ó ṣeé ṣe kí dìgbòlugi ti mú un. Òmíràn kì í sì í rorò rárá. Yóò fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ yóò sì jábọ́. Itọ́ ajá bẹ́ẹ̀ ni ó ní àrùn náà nínú. Bí ó bá wọ ojú ọgbẹ́ ènìyàn, yóò gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí àmì tó hàn. Ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ tó ọdún kan. Nígbà tí àmì bá ti hàn, tí aláìsàn kò lè gbé omi mì mọ́, kò sí oògùn tí a mọ̀ tí í wò ó sàn. Ikú ni ó sábà máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, àti pé nínú 100 ènìyàn tí ó bá kó o, 99 ni ó kó o láti ara ajá. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n a lè dènà ikú yìí bí a bá tètè gbé ìgbésẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí í fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris. Ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà ni a ti tún abẹ́rẹ́ náà ṣe dáradára, ó sì wà títí di òní.

Nítorí náà, bí ehín ajá bá gé yín lára, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo, ata, ewé tàbí irun ajá sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó yẹ kí ẹ gba ti tetánọ́ọ̀sì, èyí tí í mú kí àgbọ̀n ènìyàn le. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ padà lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Bí ajá náà bá ní olówó, kí a sé e mọ́, kí a sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ẹ má torí èyí dúró kí ẹ tó gba ìtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ajá tí a fura sí, kí ó sì kun ún fún jíjẹ, nítorí ẹni tí ń kun ẹran náà wà nínú ewu.

Ajá pẹ̀lú ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta ni kí ó gba àkọ́kọ́, kí a sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ti wí, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ lọ́dọọdún. Bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gbà á, àrùn náà kì yóò rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ láàrin wọn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi ní gbogbo ayé, ọjọ́ tí Pasteur kú ní ọdún 1895. Ní àkókò náà, ní ibi púpọ̀, a máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ láìgba owó. Ẹ fi àmì sí ọjọ́ náà nínú ìwé yìí, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn tí ó sún mọ́ yín.

Láti òní lọ, kí korobá omi kan àti pákó kan máa wà ní ìtòsí ibi tí àwọn ajá yín ń jẹun, kí ọṣẹ má sì wọ́n ní balùwẹ̀. Kí olórí ilé kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí ajá bá ń jà, kí wọ́n pe àgbàlagbà, kí wọ́n má ṣe sún mọ́ ọn. Àti pé bí ehín ajá bá kàn wọ́n, kí wọ́n sọ ọ́ lójú kan náà, a kì yóò nà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti fi irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pàṣán.